Mi Ò Tíì Ṣí I

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìkèrèkú, àpáta méjì fara ti ara wọn
bí àgbà méjì tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí.
Àárín wọn ni bàbá mi, Ṣówándé, máa ń gbé ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀ sí.
Oòrùn kì í pẹ́ níbẹ̀.
Bí òjò bá rọ̀ lánàá, àpáta á ṣì máa làágùn lónìí.

Èmi kọ́. Èmi mọ̀wé.
Mo gbé ìkòkò tèmi sí kíṣìnì,
mo ra tẹmómítà ní Sápọ́n,
mo ní ìwé àkọsílẹ̀, mo ní bírò pupa.

Àgbàdo mi hù dáadáa lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sè é títí ilẹ̀ fi ṣú,
mo sẹ́ ẹ,
oorun sì ń kùn mí, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lé e lórí
nígbà tó ṣì ń rú èéfín.
Mo pa àwọn òṣìṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
Fún ọjọ́ mẹ́ta, ìkòkò dákẹ́
bí ilé onígbèsè tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì bọ́ sí oṣù kẹta.
Iná ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì,
fáànù kàn ń wò mí láti òkè àjà.
Ọtí náà hó, ó ru, ó ti ọmọrí ṣubú,
ó ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá Mọ́nsúrá, ayálégbé wa,
tó ń kírun lọ́wọ́.
Ó ká ẹní rẹ̀ sókè. Kò sọ nǹkan kan.
Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.
Ìyókù tó kù nínú ìkòkò, mo tọ́ ọ wò:
ó jó mi lọ́fun bí epo àtùpà,
orí fọ́ mi di ọjọ́ kejì.
Tẹmómítà ò parọ́ o. Ogójì ku mẹ́rin ló wí.
Èmi ni mi ò bi í léèrè.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí n má pẹ́ lórí rẹ̀.
Mo ṣí i láàárọ̀, mo ṣí i lọ́sàn-án, mo ṣí i lóru,
kòkòrò kékeré kan, irú èyí tí ń fò yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírà ká,
bá mi wọlé lọ́jọ́ kan.
Ó kan. Kì í ṣe irú kíkan tí à ń wá.
Mo fi fọ ilẹ̀ báńkọ́nì.

Ìgbà náà ni mo rántí etí bàbá mi.
Ó máa ń fi lé ara ìkòkò
bí agbẹ̀bí ṣe ń fi etí lé ikùn aboyún,
á di ojú, á ní:
"Bí wọ́n bá ń pariwo, fi omi tù wọ́n.
Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kúrò níbẹ̀,
kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nìyí, láàárín àpáta.
Mo jẹ́ kó tutù kí n tó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i.
Mo gbé e sínú bàsíà omi,
mo fi àpò ìdọ̀họ tútù wé e lára,
mo so aṣọ funfun fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu,
mo so ó le, nítorí ọwọ́ tèmi náà.
Lóru, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi etí lé e.
Pọ̀... pọ̀...
bí ẹni tó ń ka owó tí kò tó nǹkan,
tí kò sì fẹ́ ṣì í kà.

Lánàá, ní ọjọ́ kanrí, mo dé láti ibi iṣẹ́
mo bá Mọ́nsúrá níbẹ̀ tòun ti kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀,
ó ń da omi sí àpò náà díẹ̀díẹ̀.
"Èmi ò ní í mu ún o," ló wí, kò wojú mi.
"Àmọ́ ooru yìí pọ̀ jù fún ohun tó bá lẹ́mìí."

Ó wọlé lọ.
Mo ka tẹmómítà: mẹ́rìnlélógún.
Ọjọ́ karùn-ún rèé. Ọwọ́ ń yún mi.
Mi ò tíì ṣí i.