Inú Wo?

Ní kóòtù Ìsàbọ̀, ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dúró
láàárín ẹnu ẹni tó ń sọ àti etí ẹni tó ń gbọ́.
Ìwé ìfẹ̀yìntì mi pe iṣẹ́ náà ní ògbufọ̀.
Èmi pè é ní afárá onígi kan:
ẹrù tó bá wúwo jù, odò ló ń gbé e.

Lánàá, nọ́ọ̀sì kékeré kan ní Ìbàrà
bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní inú ń run mí.
Ó kọ ọ́ sínú káàdì. Mo na ọrùn, mo kà á:
ọ́pùsẹ́ẹ̀tì.
Mo ní, “Ṣé ibi tí o ti wá pàdé mi nìyí?”
Ó rò pé òun ni mò ń bá wí.
Ọ̀rọ̀ náà ni mò ń kí.

A ti mọra tipẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.
Bí Múyìwá ọmọ ọmọ mi bá ń wo bọ́ọ̀lù,
tí ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí bá na ẹgbẹ́ ńlá,
á fò sókè lórí àga mi, á ní ọ́pùsẹ́ẹ̀tì!
Ayọ̀ nìyẹn o.
Bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú odò Ògùn, òun náà ni.
Bí ìyàwó bá gbé oúnjẹ síwájú ọkọ láìsọ̀rọ̀
fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, òun náà ni.
Aṣọ kan ṣoṣo, gbogbo ilé ń wọ̀ ọ́ jáde.

Àwa ní tiwa, inú la ní.
Inú a máa bí ni. Inú a máa bàjẹ́.
Inú a máa run ni, a sì máa dùn nígbà mìíràn,
ibì kan náà lábẹ́ ẹ̀wù.
Ẹni tó bá bi ọ́ pé “inú wo?”, má pè é lópè.

Èmi ò bèèrè lọ́jọ́ Ẹfúnṣeyè.

Wọ́n ní ó da ìkòkò aró méjì nù
lẹ́yìn ilé Rábíátù, ní Ìtòkú.
Aró ṣàn wọ gọ́tà. Ewúrẹ́ tó gba ibẹ̀ kọjá
fi ẹsẹ̀ búlúù rìn fún ọ̀sẹ̀ kan.
Kóòtù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Ọjọ́ Ajé ló ṣẹlẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú un wá.
Adájọ́ ní kí n bi í pé kí ló dé.
Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Inú mi bàjẹ́ ni.”
Ó sì dákẹ́.

Mo rí ojú omi méjì níwájú bùbá rẹ̀.
Mo pè é ní òógùn.
Aago ti lu méjì, ebi ń pa mí,
ọ̀rọ̀ kan sì wà lẹ́nu mi tó máa ń yá:
ọ́pùsẹ́ẹ̀tì.
Mo sọ ìbànújẹ́, adájọ́ gbọ́ ìbínú.
Ìbínú ló kọ sọ́kàn. Oṣù méjì.
Nínú ìwé ẹjọ́ náà, ìkòkò àti obìnrin,
ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi kọ àwọn méjèèjì.

Rábíátù ló dá mi dúró lẹ́nu géètì.
“Bàbá Ògbufọ̀, ẹ ò sọ fún wọn ni
pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló sin ọmọ ọwọ́ rẹ̀?
Ó kàn ń rìn ni, bí ẹni tí kò ríran.
Ọkọ mi ló pe ẹjọ́. Kí ni ìkòkò?”

Mo ní mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.
Òótọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì fún mi ní ògùn funfun inú ìgò.
Ó ní síbí méjì, láàárọ̀ àti lálẹ́,
pé inú náà á rọ̀ kó tó di ọjọ́ mẹ́ta.
Mo bi í pé, “Inú wo?”
Ṣùgbọ́n ó ti ń pe orúkọ ẹni tó kàn.