Ojú-Ewé Tó Sọnù

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé Ọ̀gọ̀tún, òjò ń wẹ orí òkè.
Mo gbé àpótí ìdánwò lé tábìlì olórí ilé-ìwé:
búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án, pupa àti funfun,
àwòrán ogójì, aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá,
pẹ́ńsù tí mo gbẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìbíyẹmí wọlé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó dì mọ́ mi kí n tó dìde.
"Ẹ kú ọ̀nà o. Ta ló sìn yín wá? Ṣé ẹ ti jẹun?"
Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù mi.

Mo ní, "To ìwọ̀nyí bí wọ́n ṣe wà nínú àwòrán."
Ó tò wọ́n lọ gbọọrọ, bí ọ̀wọ́ ìjàlọ.
Mo ní kó tún un tò.
Gbọọrọ náà ni.
Aago ń lọ. Mo kọ òdo.

Mo fi àwòrán ilé hàn án.
"Ulé," ó wí, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń wí i.
Ìwé ìdáhùn ní "ilé".
Pẹ́ńsù mi dúró lófuurufú.
Mo ṣí èyí tó kàn: yìnyín bo ìta, funfun báláú,
àwọn ọmọdé ń fọwọ́ bù ú.
"Uyán!" Ó gbá àyà mú. "Ta ló dà á sílẹ̀?"
Èmi ọmọ Ìjerò,
mo fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Lójijì ó di etí rẹ̀ méjèèjì:
"Ọkọ̀ Bàbá Fádérò ń bọ̀."
Èmi ò gbọ́ nǹkan kan àfi òjò lórí páànù.
Ó pẹ́ kí ọkọ̀ náà tó yọ ní kọ́nà,
tó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà, pákó lẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà ní Adó ti sọ fún ìyá rẹ̀
pé nínú ìwé tí a fi kọ ara ọmọ yìí,
ojú-ewé kékeré kan já bọ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀.
Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe ohun tó jẹ nínú oyún.
Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká etí ìró, ó ń tú u.
"Ṣé ó yege?"

"Ìdánwò yìí kì í ṣe ti yíyege."
Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi.
Nọ́ńbà kan péré ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, ó kéré.
Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ìlà kankan.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ:
Ó béèrè bóyá mo ti jẹun.
Ó dá ọkọ̀ mọ̀ kí ọkọ̀ tó dé.
Ẹ fi ìtàn kọ́ ọ ní ìṣirò.
Ẹ má mú un jókòó nítòsí agogo.
Ewé kún. Mo tọrọ òmíràn lọ́wọ́ olórí ilé-ìwé.