Àwẹ̀ró, Kí O Tó Wọlé

Àwẹ̀ró, èmi ni mo ń ṣí gbọ̀ngàn náà láàárọ̀.
Kọ́kọ́rọ́ méje ló wà lọ́wọ́ mi, ìkẹfà ló máa ń há.
Ọdún kọkànlá rè é tí mo ti ń tan iná ibẹ̀,
tí mo ń nu ilẹ̀ tí àwọn oníjó fi bàtà họ.
N ò kọ́ṣẹ́ eré. Ṣùgbọ́n mo ti rí wọn:
àwọn tó wọlé bí ọba, tó jáde bí ẹni tí wọ́n yọ lápò,
àwọn tó wọlé jẹ́ẹ́, tí àwọn onítábìlì gbàgbé tíì wọn
títí ó fi tutù.

Tètè jáde nílé. Tíráàmù ọjọ́ Sátidé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Di bàtà ijó rẹ sínú ọ̀rá;
òjò Sheffield kì í ti òkè nìkan wá, a máa gba ẹ̀gbẹ́.
Ọmọkùnrin kan pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin lóṣù Èrèlè,
ó ń ṣàlàyé ọ̀nà fún wọn títí àsìkò tirẹ̀ fi tán.
Orin rẹ̀ kù sí i lọ́fun.
Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé, níbi tí a ń kó ìdọ̀tí sí,
ó ń kọ ọ́ fún ara rẹ̀,
ó sì dùn.

Kí ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe tìtorí èmi.
Kí Ọ̀gbẹ́ni Hartley tó ń tẹ dùùrù, ìka rẹ̀ máa ń ro ó nígbà òtútù.
Rọra fi ọwọ́ lu itan, kó mọ bí o ṣe fẹ́ kí orin yá tó;
má pàtẹ́wọ́ sí i létí bí ẹni ń lé adìyẹ.
Bó bá ṣì í tẹ̀, máa bá tìrẹ lọ.
Ẹni tó bá yíjú pa dà kan onídùùrù,
àwọn onítábìlì ti rí ojú tí yóò máa fi wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀
fún oṣù mẹ́fà.

Wọ́n á fi pín-ìnnì kan nọ́ńbà mọ́ ọ láyà.
Kì í ṣe iye rẹ nìyẹn.
Ohùn kan á gba ara ògiri wọlé bá ọ, á dùn ju tìrẹ lọ.
Jẹ́ kó dùn. Má sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa;
ògiri yẹn tín-ín-rín, èmi ni mo kùn ún.

Bí wọ́n bá béèrè orúkọ, pè é tán: Àwẹ̀ró Adékànḿbí.
Bí ahọ́n wọn bá kọsẹ̀, dúró dè wọ́n.
Èmi gé tèmi kúrú lọ́dún tí mo dé,
wọ́n ń pè mí ní Súsì níbi tí mo ti ń fọ abọ́,
títí ìyá rẹ fi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan
tí n kò tètè mọ̀ pé èmi ni.

Wọ́n fi téèpù pupa ṣe àmì sílẹ̀. Dúró síbẹ̀.
Kó èémí wálẹ̀ dé ìdodo. Má tọrọ àforíjì fún ọ̀fìnkìn,
gbogbo Sheffield ló ní ọ̀fìnkìn.
Bí ọ̀rọ̀ bá sọ nù, wá a bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní,
láìbínú sí ẹní.
Bí wọ́n bá ní kó o tún un ṣe, lọ́nà mìíràn,
má bi wọ́n pé kí ló ṣe ti àkọ́kọ́:
wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá amọ̀ rẹ ṣì tutù ni.
Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń gbé tíì wọlé ni wọ́n fi ọ́ ṣe,
ṣebí wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ;
gbé e kí òùngbẹ gbẹ gbogbo gbọ̀ngàn.

“Ẹ ṣeun” tí wọ́n bá sọ, ó tán nìyẹn.
Má wá ìtumọ̀ sí i. Mú ìgò omi rẹ dání.
Má pè mí ní Àǹtí lójú wọn.
Má sì sunkún lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń dún.
Yàrá tí mo ń kó ìgbálẹ̀ sí,
ilẹ̀kùn kejì lápá òsì,
n ò ní tì í.