Ìwé Ìrìnnà Gantulga

Agogo mẹ́fà ìdájí, Ulaanbaatar ò tíì jí tán,
òtútù ń bu èèyàn jẹ bí ajá tí wọn ò so.
Mo fi ìwé ìrìnnà ọkọ mi há àyà, lábẹ́ ẹ̀wù mẹ́ta,
níbi tí ǹ bá gbé ọmọ sí ká ní a ti bí i.
Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló ti wà níwájú mi.
Bàbá kan gbé àpótí ìjókòó wá látilé.
Obìnrin kan ń ta tíì oníwàrà,
iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i níhìn-ín, kì í ṣe ṣúgà;
mo ti gbàgbé bó ṣe ń rí lẹ́nu
láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ́jú aláìsàn ní Leipzig.

Ẹni tó ni ìwé kọ́ ló mú un wá.
Gantulga wà lẹ́nu ààlà Ṣáínà, lórí ìlà tirẹ̀:
tírélà lẹ́yìn tírélà, èédú lẹ́yìn èédú.
Ó di ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń sùn sídìí ọkọ̀.
Bó bá yà kúrò lórí ìlà, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ,
gbèsè tírélà náà ò sì mọ̀ pé a ń wá físà.
Ó fi ìwé rán awakọ̀ kan tó ń padà bọ̀ sílé,
nínú ọ̀rá búrẹ́dì, èérún ṣì wà níbẹ̀.
Ó ní, "Khulan, bá mi lọ. Ìwọ náà sáà ni èmi."

Wọ́n ní iṣẹ́ ẹrú tí a bá rán ni, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Iṣẹ́ ọkọ ńkọ́?
Mo rò ó títí ìlà fi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n gba fóònù. Wọ́n gba bẹ́líìtì. Wọ́n wo inú bàtà mi.
Ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Jámánì ni,
imú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń fẹ́ ọwọ́.
"Ṣé ìwọ ni Gantulga?"
Mo fi èdè rẹ̀ dá a lóhùn pé ìyàwó rẹ̀ ni mí.
Ó gbójú sókè.
"Orúkọ yín ò dọ́gba."
Mo ní lọ́dọ̀ wa, orúkọ bàbá oníkálukú ló ń jẹ́,
ìgbéyàwó kì í gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ.
"Ìgbà wo lẹ ríra kẹ́yìn?"
Oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ mọ́kànlá.
Mi ò sọ fún un pé ọjọ́ méjì nínú rẹ̀,
abẹ́ ọkọ̀ ló wà, tó ń tún bíréèkì ṣe,
tí mo jókòó sórí táyà, tí mo ń na sípánà sí i.

Ó ṣí ojú ìwé àwòrán.
"Ojú rẹ̀ le."
Wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín ni.
Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin yẹn,
ẹ ó bá a lu òǹtẹ̀ láì wo fọ́ọ̀mù.
Èyí pàápàá, mi ò sọ ọ́.
Ó wá fi bírò tọ́ka sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà àṣẹ:
"Kí ló ba ibí yìí jẹ́?"
Kò bà jẹ́ o. Àtàǹpàkò ọkọ mi ni.
Èédú ló wọ̀ ọ́ lára, ọṣẹ ò ràn án.
Ó wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́, ó fẹ́ nù ún,
ó tún fà á sẹ́yìn.

Ó gba ìwé. Ó já pépà tín-ín-rín kan fún mi:
ẹ máa retí wa.
Ó tán.

Níta, afẹ́fẹ́ wọlé síbi tí ìwé yẹn ti kúrò,
mo fi ọwọ́ bò ó bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.
Mo tan fóònù. Gantulga ti kọ̀wé ránṣẹ́:
"Ìlà ti sún. Tírélà mẹ́ta péré."
Mo ra tíì. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.
Mo mu ún tán.