Àpótí Tó Ń Bá Ni Parí Ọ̀rọ̀

Èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò ní di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni.
Nínú yàrá kan ní Òkè-Mosàn, tí fáànù ń ké bí ẹyẹ tébi ń pa,
mo kọ fọ́ọ̀mù tí ará ìlú yóò fi bèèrè omi ẹ̀rọ.
Orúkọ. Nọ́ńbà fóònù. Lẹ́yìn náà, àdúgbò:
àpótí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan
tí kì í jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán kó tó já a gbà lẹ́nu rẹ.

O tẹ Ì, o tẹ j,
ó ti tò wọ́n sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà:
Ìjàyè. Ìjẹjà. Ìjẹmọ̀.
Èwo ni tìrẹ nínú wọn?
O fọwọ́ kàn án, ó wọlé.
Inú mi dùn. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni mo mu ún.

Ohun tí mi ò sọ fẹ́nìkan rèé:
kì í ṣe orúkọ ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú.
Orúkọ wà lókè fún ojú èèyàn,
nọ́ńbà wà nísàlẹ̀, níbi tójú ò tó.
Ìjàyè ni mẹ́rìnlá,
Ìjẹjà ni mẹ́tàdínlógún.
Nọ́ńbà ni páìpù ń tẹ̀ lé. Páìpù kò mọ̀wé.

Bàbá Ṣómẹ̀fun dé,
ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá.
Ìka rẹ̀ tóbi, kíbọ́ọ̀dù kéré.
Ìjàyè ló ń nàwọ́ sí; ìka yọ̀, ó bọ́ sórí Ìjẹjà.
Ó rí i. Kí ni irú ojú bẹ́ẹ̀ kò ní rí?
Ó pa ìdí ọ̀rọ̀ náà rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì,
ó fi ìka kan ṣoṣo kọ à, ó kọ y, ó kọ è.
Ó kà á sókè: "Ìjàyè."
Ó fi ránṣẹ́. Àpótí kò jiyàn.

Ẹ má rò pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò o.
Mo bi í: ṣé o ṣófo? Kò ṣófo.
Mo bi í: ṣé nọ́ńbà wà nísàlẹ̀? Nọ́ńbà wà.
Mo ní kó máa kọjá.
Mi ò bi í pé: ṣé ẹnu rẹ àti inú rẹ jọ ń wí ohun kan náà?
Lókè, Ìjàyè. Nísàlẹ̀, mẹ́tàdínlógún.
Ojú lásán là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú:
mo kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, mi ò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn oníṣẹ́ omi gbẹ́ ilẹ̀ Ìjẹjà,
níwájú ilé ìyá kan tó ní kànga, tí kò bèèrè nǹkan kan.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí:
"Ta ló ń jẹ́ Ṣómẹ̀fun níbí?"
Wọ́n fi ìwé hàn án.
Ní Ìjàyè, garawa mẹ́rin wà níta, wọ́n la ẹnu sílẹ̀.

Bàbá gun ọ̀kadà wá bá mi. Kò pariwo.
"Ọmọ mi, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́,
bí a bá yí ojú irin padà,
a ó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ wò ó bóyá ó yí lóòótọ́.
Ọ̀pá ọwọ́ ẹni lè yí, kí irin má yí."

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún un kọ.
Bí lẹ́tà kan bá yí lókè, kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kú.
Kí àpótí di pupa yòò, kó ní: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yàn.
Bó tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá,
kí wọ́n tún bi í ní ìyẹ̀wù.

Ó ku ẹyọ kan.
Obìnrin kan láti ẹ̀yìn Ìtokò, ó tẹ orúkọ abà bàbá rẹ̀.
Kò sí nínú ìwé mi.
Ó tún un tẹ̀. Ó wò mí
bí ẹni pé èmi ni mo kó abà náà lọ.
Àpótí ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú,
kò rí ọ̀rọ̀ kankan bá a parí.