Awakùsà Méjì

Ogún ọdún ni mo fi wa wúrà ní Ìgún;
erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.
Mọrádéyọ̀ ń wa tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà,
ní pálọ̀ wa ní Ìṣọ̀kùn,
kò tutọ́ sátẹ́lẹwọ́, kò gbé ṣọ́bìrì.
Ó ní òun ń to ohun tójú ò rí,
ẹyọ kan lórí èkejì,
kóun lè mọ èyí tí yóò mú oòrùn dání
di ọ̀gànjọ́.
“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló ti wó, Bàbá.”
Mo rẹ́rìn-ín.
Ihò tí mo gbẹ́ lásán ńkọ́?

Nẹ́pà mú iná lọ.
Bátìrì ku díẹ̀,
ó ṣì ń ṣírò.
Mo dìde lọ wá àtùpà:
kẹrosíìnì ti tán.
Mo padà wá jókòó
sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀ kékeré rẹ̀.