Agolo Fàdákà

Aago márùn-ún ìdájí, ọkọ̀ akólẹ̀ wa ti jáde ní Gillingham.
Òtútù ń ta lẹ́tí bí ata.
Terry ló ń wakọ̀, kì í sọ̀rọ̀ títí tíì rẹ̀ á fi tán.
Èmi ni mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀.
Ìdí bẹ́ǹṣì tó kọjú sódò Medway,
ẹ̀yìn ilé ìtajà, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé,
ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa wọ́n:
agolo kéékèèké aláwọ̀ fàdákà, wọn ò ju àtàǹpàkò lọ,
àti fèrè rọ́bà tó ti sọ̀, tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí awọ ejò.
Ọdún méjì ni mo fi ń gbá wọn.
Mo máa ń pòṣé. Mo máa ń ní,
"Ta ló bí àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

Èmi ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mò ń wá ṣájà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìbídàpọ̀,
ọwọ́ mi kan ohun tútù.
Mọ́kànlélógójì. Mo kà wọ́n bí ẹni ń ka owó oṣù.
Imú mi mọ sìgá, ó mọ igbó,
ó mọ ọtí lẹ́nu ọmọ tó fi míńtì bò ó,
ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń gbóòórùn afẹ́fẹ́?

Mo pariwo. Kí n má parọ́, mo gbá a létí pẹ̀lú.
Mo ní ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín dé Ṣakí.
Ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
"Dádì, mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ìka ẹsẹ̀ mi."

Mo rò pé àwàdà ni.
Mo já a léèékánná lórí àtẹ́lẹsẹ̀.
Kò mira.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, agbábọ́ọ̀lù,
ògiri ló dì mú dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Dókítà ní gáàsì yẹn ló ba fítámì ara rẹ̀ jẹ́,
èyí tí iṣan fi ń jíṣẹ́ fún ẹsẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ni, lọ́jọ́ kejì-kejì.
Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lóru,
wọ́n bá ní ká lọ rí Nọ́ọ̀sì Morín ní Chatham,
lókè ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì.

Kò bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Ìgbà wo lo máa ń fà á?"
"Nígbà tílé bá dákẹ́.
Mọ́mì wà níṣẹ́ alẹ́, Dádì ti sùn torí ìdájí.
Fèrè kan péré, ariwo inú orí mi á sinmi díẹ̀."
Díẹ̀ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.
Mo jókòó nínú aṣọ iṣẹ́ mi tó ń tàn yànyàn,
mo fẹ́ sọ̀rọ̀,
Morín gbọ́wọ́ sókè díẹ̀:
ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún, n ò tíì jẹ́ kó parí rẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹta, ó tún fà á.
Fúnra rẹ̀ ló sọ. Ìtìjú mú mi, mo wolẹ̀.
Morín kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni kọ ìwọ̀n ibà,
ó ní kó padà wá ní Ọjọ́rú.
Ó padà lọ ní Ọjọ́rú.

Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, títí dé etí odò.
"Àtàǹpàkò ti dé," ó ní lánàá,
bí ẹni ń ka èrò ọkọ̀.
"Ìkejì ń bọ̀. Ọmọńdinrín ò tíì wọlé."

Láàárọ̀ yìí, méje ló wà nídìí bẹ́ǹṣì.
N ò pòṣé.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ ṣà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo sì gbójú sókè sí fèrèsé àwọn ilé tó yí wa ká,
gbogbo wọn ṣókùnkùn.
Èwo ni? Yàrá ta ni?
Terry fọn fèrè ọkọ̀.
Mo ní kó dúró.